Ẹsẹ̀ Tí Òru Kò Jẹ́ Kó Sinmi: Kíka Ewì Claude McKay Láti Ìlobù

Orúkọ tí a ní fún obìnrin tó ń fi òru ṣòwò ara rẹ̀ kò kéré ní ilẹ̀ Yorùbá. A ń pè é ní aṣẹ́wó, a ń pè é ní onínàbì, a ń pè é ní ọmọ ìta. Bí ó bá kọjá lọ́nà, ojú á yí sí i, ètè á yọ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá béèrè pé kí ni à ń pe ohun tó lé e jáde nílé, ìdáhùn kò ní tètè wá. Orúkọ ẹni tó ṣubú wà lẹ́nu wa; orúkọ ohun tó tì í ṣubú kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni akéwì kan gbé yẹ̀ wò ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Claude McKay ni orúkọ rẹ̀. Àkọlé ewì náà ni "Harlem Shadows", èyí tí a lè pè ní Òjìji Harlem ní èdè wa. Àkọlé yìí kan náà ni akéwì fi sọ ìwé ewì rẹ̀ tó jáde ní New York ní ọdún 1922 lórúkọ. Ìlà méjìdínlógún péré ni ewì náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ọ̀rọ̀ òṣì àti ọ̀rọ̀ ìyà tó ń jẹ obìnrin nínú ìlú ńlá ni akéwì kó pọ̀ sójú kan. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ kí a jọ ka ewì náà. A ó kà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá, pẹ̀lú ojú ẹni tó ń wo ayé láti Ìlobù àti Ifọ̀n-Ọ̀ṣun.

Kí ló pa Ìlobù pọ̀ mọ́ Harlem?

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni. Òkun ńlá ló wà láàárín Ìlobù, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní apá òkè erékùṣù Manhattan ní New York. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là láàárín ìhà méjèèjì tipẹ́. Erinlẹ̀, òrìṣà ọdẹ tó di odò, tí òkìkí ojúbọ rẹ̀ ní Ìlobù kàn kálẹ̀, ti bá àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà. Inle ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní. Òrìṣà Olúfọ́n ti Ifọ̀n, tí í ṣe Ọbàtálá, ni wọ́n ń pè ní Oxalufã ní Bràsíl. Pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa fi kọ́kọ́ rin ọ̀nà yẹn. Irú àwọn tí wọ́n kó lọ láti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ́ẹ̀ ni ìran wọn tàn ká Jamáíkà, Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù yòókù. Inú ìran náà ni McKay ti wá; ìran náà ló sì kọ ewì lé lórí.

Ọ̀nà kejì ni ti ìwé. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, àti Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, gbé ní Ẹdẹ, wọ́n gbé ní Ìlobù, kí wọ́n tó kó lọ sí Òṣogbo. Ní 1957, Beier àti Janheinz Jahn dá Black Orpheus sílẹ̀, ìwé àtìgbàdégbà tó ń kó ewì àti ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú jọ láti Áfíríkà, láti Amẹ́ríkà àti láti àwọn erékùṣù Karíbíà. Nítorí náà, ọmọ Ìlobù tó bá jókòó ka ewì Harlem lónìí kò ṣe ohun àjèjì. Ọ̀nà tó ti là sílẹ̀ ló ń tọ̀.

Akéwì náà àti ìlú tó bá ara rẹ̀

Ọmọ àgbẹ̀ ni McKay. Agbègbè Clarendon ní Jamáíkà ni wọ́n ti bí i. Ó ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ìgbà díẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ní 1912, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé, ní Tuskegee lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ìpínlẹ̀ Kansas. Kò ka ìwé náà parí. Ó forí lé New York, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Ó ṣe agbáwo nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn arìnrìn-àjò. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ tó ń yọjú wo òtòṣì láti ojú fèrèsé ló kọ ewì yìí. Ẹni tó mọ bí owó ilé ṣe ń le ni.

Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn aláwọ̀ dúdú ń ya kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àwọn ìlú àríwá. Wọ́n ń sá fún gbèsè oko òwú, fún òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àti fún àwọn jàǹdùkú tó ń so ènìyàn kọ́ igi láìsí ìdájọ́. Harlem gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé ni wọ́n rí i pé ìlú ńlá náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn onílé mọ̀ pé ibi tí aláwọ̀ dúdú lè yá ilé sí kò pọ̀, nítorí náà wọ́n ń gba owó tó ju èyí tí aláwọ̀ funfun ń san fún irú yàrá kan náà lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà àti ọ́fíìsì kò gba obìnrin dúdú síṣẹ́. Ohun tó kù fún un ni kó máa fọ aṣọ, kó máa nu ilẹ̀, kó máa tọ́jú ọmọ nínú ilé aláwọ̀ funfun. Owó iṣẹ́ kéré, owó ilé pọ̀. Àlàfo tó wà láàárín owó méjèèjì yìí ni àwọn obìnrin inú ewì náà bọ́ sí.

Kì í ṣe akéwì nìkan ló rí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1935, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú méjì, Ella Baker àti Marvel Cooke, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn The Crisis. Wọ́n sọ bí àwọn obìnrin dúdú ṣe ń dúró ní oríta ní àdúgbò Bronx láti òwúrọ̀, kí àwọn ìyálé ilé aláwọ̀ funfun lè wá gbà wọ́n síṣẹ́ fún wákàtí bíi mélòó kan. Ọjà ẹrú ni wọ́n pe ibẹ̀. Wọ́n sì kíyè sí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń rà ní irú oríta bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ra iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ra ara wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó wà nínú ewì náà

Ìpín mẹ́ta ni ewì náà ní, ìlà mẹ́fà-mẹ́fà ló sì wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ní ìpín àkọ́kọ́, ilẹ̀ ti ṣú. Akéwì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan tí ìrìn rẹ̀ kò já gaara. Lẹ́yìn náà ló wá rí òjìji àwọn mìíràn, àwọn ọmọbìnrin dúdú tí wọ́n wọ bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń wá oníbàárà kiri. Ẹ ṣàkíyèsí ètò yìí: etí ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí ojú tó ṣiṣẹ́. A kò rí ojú ọmọbìnrin kankan. A kò mọ orúkọ ẹnìkan nínú wọn. Ìró ẹsẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó kọ́kọ́ wọlé.

Ní ìpín kejì, òru ń gùn títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Ìgbà òtútù ni. Òjò dídì ń bọ́, ilẹ̀ sì funfun bí òwú. Aṣọ kò bo ara àwọn ọmọbìnrin náà tán, bàtà wọn kò sì nípọn. Àwọ̀ méjì ló gba àwòrán yìí kan: funfun ilẹ̀ àti dúdú ara. Akéwì kò dìde sọ fún wa pé inú ayé àwọn aláwọ̀ funfun ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń jìyà. Òjò dídì ti bá a sọ ọ́. Ilẹ̀ tó yẹ kó gba ẹsẹ̀ dúró ni òtútù rẹ̀ ń jẹ ẹsẹ̀.

Ìpín kẹta ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí. Akéwì gbójú kúrò lára àwọn ọmọbìnrin náà, ó kọjú sí ayé. Ayé ló pè ní òǹrorò. Ayé ló ní ó ti àwọn ẹsẹ̀ náà sójú ọ̀nà òṣì, ìtìjú àti àbùkù. Ẹsẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń wò bí ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀, òun pè é ní mímọ́. Lẹ́yìn náà ló fi ara rẹ̀ kún wọn: ìran òun ni wọ́n, ọkàn òun gan-an sì ni ìrìn wọn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà wa sọ pé ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Àwọn tó ń bá adìẹ wí kò wọ́n ní ìlú ńlá kankan. Oníwàásù ń bá a wí, ọlọ́pàá ń mú un, aládùúgbò ń ṣépè fún un. McKay yàn láti kọjú sí akátá ná. Bí a bá bọ́ gbogbo ẹwà ọ̀rọ̀ kúrò lára ewì yìí, ohun tí yóò kù sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń ti ewì náà lọ. Ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló parí sí orí ẹsẹ̀ àti títì, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń dún pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ oríkì dàgbà mọ agbára àwítúnwí. Nínú oríkì, àwítúnwí máa ń gbé ènìyàn ga, orí á wú, àyà á sì là. Nínú ewì yìí, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. A rìn títí, a tún bá ara wa lórí títì kan náà. Bí ewì náà ṣe ń yí po ni ìgbésí ayé àwọn obìnrin náà ń yí po.

Ẹsẹ̀ lójú Yorùbá

Akéwì tó bá fẹ́ ká káàánú ènìyàn sábà máa ń fi ojú ẹni náà hàn wá, tàbí omijé rẹ̀. Kí ló dé tí McKay fi mú ẹsẹ̀? Ìdáhùn kan ni pé ẹsẹ̀ ló ń fara kan ilẹ̀, òun ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ayé ṣe le tó. Yorùbá ní ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi kún un.

Lójú wa, ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun ìrìn lásán. Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976, ṣàlàyé pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí tí ènìyàn yàn lọ́run, ẹsẹ̀ ló dúró fún akitiyan. Orí lè dára. Bí ẹsẹ̀ kò bá gbé e, kò ní dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ wa sìn wá dé ibi ire. Bí a bá fi ojú yìí wo ewì náà, a ó rí i pé àwọn obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹsẹ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Akitiyan wà, ibi ire tí yóò gbé wọn dé ni kò sí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ kò ní tòṣì. Harlem fi hàn wá pé ìlú kan lè wà tí wọ́n ti fi àwọ̀ ara dí ọ̀nà iṣẹ́ mọ́ ènìyàn, tí wọn yóò sì tún padà wá bú u pé iṣẹ́ tó ń ṣe kò dára.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ẹsẹ̀ ìyàwó. Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, bí wọ́n bá mú ìyàwó tuntun dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, omi ni wọ́n máa ń fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé. Omi tútù náà ń sọ fún un pé ìrìn rẹ ti parí, ilé rẹ nìyí, ìwọ kì í ṣe àlejò. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ yìí wé ti àwọn ọmọbìnrin Harlem. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́. Ọ̀kan rí omi ní ẹnu ọ̀nà, òjò dídì ni èkejì rí. Ọ̀kan ní agbo ilé tó ń dúró dè é. Ibi gbogbo ni èkejì ń gbà kọjá, kò sì sí ilẹ̀kùn tó ṣí fún un. Òǹkàwé tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó rí yóò mọ bí àánú inú ewì yìí ṣe jinlẹ̀ tó, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ là á yé e.

Ọ̀rọ̀ amọ̀

Nínú ìpín kẹta, McKay fi àwọn ẹsẹ̀ náà wé amọ̀. Inú Bíbélì ni àfiwé yìí ti wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé Dáníẹ́lì, ère ńlá kan wà tí orí rẹ̀ jẹ́ wúrà, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin tó dàpọ̀ mọ́ amọ̀, ibẹ̀ ni òkúta sì ti lù ú fọ́. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ amọ̀ di ọ̀rọ̀ fún àbùkù tó fara sin sí ara ènìyàn. Òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì yóò rí amọ̀, yóò sì rò pé àìlera ni akéwì ń wí.

Ẹ wá ka ọ̀rọ̀ kan náà ní Ifọ̀n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n. Ọbàtálá ni alámọ̀ tó ń mọ ènìyàn. Amọ̀ ni gbogbo wa, olówó àti òtòṣì, ẹni tó ń rìn ní ọ̀sán àti ẹni tó ń rìn ní òru. Ìṣẹ̀ṣe wa kò gbà kí a fi abuké, arọ tàbí àfín ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ẹni òrìṣà ni wọ́n, ọwọ́ òrìṣà wà lára wọn. Lójú ẹni tó gbọ́ ìtàn yìí dàgbà, amọ̀ kì í ṣe àbùkù. Àmì ọwọ́ ẹlẹ́dàá ni. McKay pe àwọn ẹsẹ̀ náà ní amọ̀, ó sì tún pè wọ́n ní mímọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ń tako ara wọn; lójú ọmọ Ifọ̀n, wọ́n bára mu. A kò sọ pé akéwì náà mọ Ọbàtálá. Ohun tí à ń sọ ni pé olúkúlùkù òǹkàwé ló ń gbé fìtílà tirẹ̀ wọ inú ewì, ìmọ́lẹ̀ tiwa sì ń fi ohun kan hàn tí ti ẹlòmíràn lè máà fi hàn.

Ẹnu wọn dà?

Ewì tó dára kò kọjá àríwísí. Ohun kan kù nínú ewì yìí, òun náà ni ẹnu. Àwọn obìnrin náà rìn, òtútù mú wọn, ó rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnìkankan nínú wọn kò sọ̀rọ̀. Akéwì ló ń sọ ọ́ fún wọn. Ó tún rí wọn gẹ́gẹ́ bí àmì ìran tó ṣubú, àfi bí ẹni pé ara obìnrin ni a ti ń ka ìtìjú gbogbo ìdílé. Bí a bá sọ obìnrin kan di àmì, kò ní pẹ́ tí a ó fi gbàgbé pé ó ní orúkọ, ó ní ìbínú, ó sì mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé McKay mọ bí a ṣe ń fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ó ti ṣe é rí. Ní 1912 kan náà tó kúrò ní Jamáíkà, ó tẹ ìwé ewì kan jáde, Songs of Jamaica, tó fi èdè tí àwọn mẹ̀kúnnù ń sọ níbẹ̀ kọ. Ewì kan wà nínú rẹ̀ tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "A Midnight Woman to the Bobby". Obìnrin òru kan ló ń kọjú sí ọlọ́pàá tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bú ìrísí ọlọ́pàá náà, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì rán an létí pé òtòṣì ará oko ni òun náà kó tó wọ aṣọ ìjọba. Ẹ rántí pé McKay ti ṣe ọlọ́pàá. Ó gbé aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ ti wọ̀ rí síwájú obìnrin náà, ó sì jẹ́ kó bú u.

Kí ló yàtọ̀ láàárín ewì méjèèjì? Ó lè ju nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n a kò lè fojú fo ọ̀rọ̀ èdè. Nínú èdè tí akéwì sọ dàgbà, obìnrin náà ní ẹnu, ẹnu náà sì mú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìwé, ẹsẹ̀ nìkan ló kù fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka Yorùbá tí ẹ sì ń kọ ọ́, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa. Èdè abínibí kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìkan. Òun ni ibi tí ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti sábà máa ń rí ohùn rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí èyí. Nínú ẹkún ìyàwó tí àwọn ọmọbìnrin agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun máa ń sun, ìyàwó ló ń sọ tẹnu rẹ̀. Yóò dúró níwájú bàbá àti ìyá, yóò dúpẹ́, yóò tọrọ àdúrà, yóò sì sọ ẹ̀rù tó ń bà á nípa ilé tó ń lọ. Gbogbo agbo ilé á dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991 lórí àwọn obìnrin Òkukù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, fi hàn pé àwọn obìnrin gan-an ló ń gbé oríkì àti ìtàn ìlú lórí ahọ́n wọn. Àṣà wa kò sọ pé kí obìnrin máa rìn kó má sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ọmọbìnrin tó wọ ọkọ̀ ní òru lọ sí Èkó láti wá iṣẹ́, ta ló dákẹ́ gbọ́ ẹkún tirẹ̀?

Ohun tí ewì náà ń bi wá lónìí

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti Ìlobù dé Òṣogbo kò tó wákàtí kan. Láti Òṣogbo, ọ̀nà Ìbàdàn àti Èkó ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń ti ìlú kéékèèké bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́, nítorí wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ irun dídì fún wọn, tàbí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí iṣẹ́ ilé oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ rí iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ran ẹbí lọ́wọ́. Àwọn mìíràn dé ibẹ̀, wọ́n bá a pé iṣẹ́ tí wọ́n sọ kọ́ ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣe. Àwọn kan bá a dé Ítálì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù, níbi tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara tún ti dúró dè wọ́n. Ẹsẹ̀ dúdú lórí òjò dídì kì í ṣe ìtàn 1922 nìkan.

Ní 2003, Nàìjíríà ṣe òfin tó tako kíkó ènìyàn ṣòwò, ó sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti mú un ṣẹ. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2015. Ẹni tó fi ẹ̀tàn kó ọmọ ọlọ́mọ lọ ni òfin náà dojú kọ. Kò sọ ẹni tí wọ́n tàn di ọ̀daràn. Òfin pàápàá ti gbà pé akátá ni ká kọ́kọ́ lé. Ẹnu wa ló kù sẹ́yìn. Ọmọbìnrin tó bá padà sílé láti irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá orúkọ tuntun pàdé ní àdúgbò, àwọn tó sì tàn án lọ ń jẹ oyè níbi àríyá. Yorùbá ní òṣì ló ń jẹ́ ta ló mọ̀ ọ́ rí, ajé ló ń jẹ́ mo bá ọ tan. Bí ó bá mú owó wálé, kò sẹ́ni tí yóò béèrè bó ṣe rí i. Bí ó bá wá lọ́wọ́ òfo, gbogbo ẹnu ló di adájọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ka ewì yìí, tàbí tí ẹ bá ka ìròyìn obìnrin kan tí wọ́n mú ní òru, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ta ló ń rìn? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òjìji lásán lójú yín. Èkejì, kí ló tì í débẹ̀? Ẹ wo owó ilé, ẹ wo iṣẹ́ tí kò sí, ẹ wo ẹni tó ń jẹ èrè. Ẹ̀kẹta, ta ló ń sọ̀rọ̀? Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló sọ̀rọ̀ àfi obìnrin náà, ìtàn náà kò tíì pé. McKay dáhùn ìbéèrè kejì dáadáa ju ọ̀pọ̀ akéwì lọ. Ó fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ láìdáhùn nínú ewì yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dáhùn rẹ̀ nínú èdè ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní Yorùbá lẹ́nu lè bá a dáhùn rẹ̀.

Claude McKay kú ní ìlú Chicago ní 1948. Àwọn ẹsẹ̀ tó kọ ewì lé lórí kò tíì sinmi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba iwájú ilé wa kọjá ní alẹ́, kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.